Bí kónílé-ó-gbélé bá tún dé, kí ni akọ̀ròyìn yóò mú dání?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀ròyìn ni mí l'Abẹ́òkúta, n kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Rédíò kan àti ìwé ìròyìn kan ni mò ń ṣiṣẹ́ fún. Nígbà kòrónà, àwọn ọlọ́pàá máa ń dá mi padà lójú ọ̀nà. Bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé, kí ni kí n mú dání, báwo ni n kò sì ṣe ní gbé àrùn wọlé bá àwọn ọmọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu iṣẹ́. Nígbà tí Ààrẹ Buhari kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá ní 29 oṣù Kẹta ọdún 2020, ó yọ àwọn òṣìṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn sílẹ̀, bí wọ́n bá lè fi hàn pé iṣẹ́ wọn kò ṣeé ṣe láti ilé. Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn gbójú fò. Káàdì ìdánimọ̀ ń sọ ẹni tí ẹ jẹ́, àmọ́ kò sọ ohun tí ẹ jáde wá ṣe lónìí.

Nítorí náà, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó rán yín níṣẹ́, lórí bébà tí orúkọ wọn wà, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Kí orúkọ yín, iṣẹ́ náà, ibi tí ẹ ń lọ àti déètì wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe láti ilé, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà olóòtú tí yóò gbé ìpè sí i. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ gba tuntun, nítorí ìjọba a máa tún àṣẹ ṣe lóòrèkóòrè. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì sórí bébà. Bí ẹ bá fi hàn wọ́n lórí fóònù, fóònù tó ṣí sílẹ̀ lẹ gbé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ yẹn, àti orúkọ gbogbo ẹni tó ń fọ̀rọ̀ àṣírí tó yín létí.

Ní ojú ọ̀nà, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ yín, ẹ kí wọn, ẹ na lẹ́tà sí wọn. Ẹ má yọ kámẹ́rà síta kó tó dìgbà náà. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ padà, kí ẹ pe olóòtú.

Bí wọ́n bá mú yín, abala 35 nínú ìwé òfin ọdún 1999 lẹ ó dì mú. Ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀; wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín sílẹ̀ fún yín láàárín wákàtí 24; bí ilé ẹjọ́ bá sì wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé yín débẹ̀. Ẹ má gbára lé abala 39, tó fún wa ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, nìkan, torí abala 45 fún ìjọba láyè láti fi òfin tó tọ́ dín òmìnira náà kù nítorí ìlera ará ìlú. Ohun tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù ni gbólóhùn tí ènìyàn fi ìbẹ̀rù kọ ní tèṣàn lóru. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, DSS, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, mú Kufre Carter, oníròyìn rédíò ní Uyo. Nǹkan bí oṣù kan ló lò látìmọ́lé. Ẹ jẹ́ kí ará ilé yín ní nọ́ńbà agbẹjọ́rò lọ́wọ́ kí ẹ tó jáde.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ má béèrè orúkọ aláìsàn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Abala 26 nínú Òfin Ìlera ọdún 2014 de ẹnu rẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti àrùn tó ń bá atẹ́gùn rìn bíi kòrónà, maíìkì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ẹ má fi èyí tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ há ẹnikẹ́ni láyà. Ẹ so maíìkì mọ́ ọ̀pá, kí ẹ dúró ní mítà 2, níta gbangba. Fóòmù orí rẹ̀ kò ṣeé nù, ọṣẹ àti omi gbígbóná lẹ ó fi fọ̀ ọ́. Ẹ fi ọtí apakòkòrò (alcohol) 70% nu ara maíìkì, nítorí èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ a tètè gbẹ kó tó pa kòkòrò. Ẹ má fi ọtí náà kan ojú kámẹ́rà.

Àrùn lè ranni nígbà tí a bá ń bọ́ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú kúrò lára. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fọwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn etí yọ ìbòmú láìfọwọ́ kan iwájú rẹ̀, kí ẹ tún ọwọ́ fọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí, káwọn ọmọ tó dì mọ́ yín.