Ìwé ìbéèrè ni wọ́n ṣí fún àbúrò mi, wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 23 ni àbúrò mi ọkùnrin. Igbó la mọ̀ pé ó ń mu tẹ́lẹ̀, kó tó kó sí kólóráádò (igbó àtọwọ́dá) àti tramadol. Láti bí oṣù mẹ́ta ló ti ń dá sọ̀rọ̀, ó ní àwọn kan ń pe òun. A mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta níbí. Ìwé ni wọ́n ṣí, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè kan náà lọ́nà mẹ́ta mẹ́rin, títí kan bóyá ó ti ronú àtipa ara rẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń mọ àìsàn nìyẹn? Wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ará ilé kan bá a wá. Kí ni ká mú dání? — Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìtòkú

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn. Wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ láti wò ó bóyá àìsàn ara kan ló ń da orí rẹ̀ rú, ṣùgbọ́n kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ irú àrùn ọpọlọ tó mú ènìyàn. Àyẹ̀wò ìtọ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun téèyàn lò láìpẹ́ ló ń sọ, kò lè sọ bóyá ó ti di bárakú. Igbó lè ṣì máa hàn nínú ìtọ̀ ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó ti ṣíwọ́, nígbà tí tramadol àti kólóráádò kì í hàn rárá lórí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀.

Oríṣiríṣi ni ìwé ìbéèrè yẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní MINI lè parí ní bí ìṣẹ́jú 15. SCID máa ń gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ló sì yẹ kó ṣe é. Wọ́n ń kà á bó ṣe wà kí orúkọ àìsàn má baà yí padà nígbàkígbà tí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì bá yí padà. Ẹ lè rí i pé wọ́n fo ojú ìwé kan. Bí àpẹẹrẹ, ìrẹ̀wẹ̀sì ní àmì 9. Márùn-ún gbọ́dọ̀ jọ wà fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkankan mọ́ wà lára wọn. Bó bá ní rárá sí méjèèjì yìí, wọ́n á kọjá síwájú.

Ìbéèrè tó dà bíi pé wọ́n ń tún bi, ti bárakú ni. Àmì 11 ni wọ́n ń wá láàárín oṣù 12 tó kọjá: ṣé ó ń lò ju bó ṣe fẹ́ lọ, ṣé ó gbìyànjú àtiṣíwọ́ tí kò lè ṣe é, ṣé ìwọ̀n àtijọ́ kò ràn án mọ́, ṣé ara rẹ̀ ń dà á láàmú bí kò bá rí i. Àmì 2 sí 3, ó ṣì fẹ́ẹ́rẹ́. 4 sí 5, ó wà láàárín. 6 sókè, ó ti le. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ka ti igbó lọ́tọ̀, ti kólóráádò lọ́tọ̀, ti tramadol lọ́tọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti le gan-an ni mímọ èyí tó ṣáájú nínú ohùn tó ń gbọ́ àti ohun tó ń lò. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó ti ń lo nǹkan wọ̀nyí, tó sì lọ láàárín bí oṣù kan tó ṣíwọ́, ohun tó lò ni wọn yóò dá lẹ́bi. Bó bá ti ń gbọ́ ọ kó tó fẹnu kan igbó, tàbí tó ń gbọ́ ọ lọ lẹ́yìn oṣù kan gbáko tó ti ṣíwọ́, àìsàn ọ̀tọ̀ ni wọn yóò máa wá, ìtọ́jú rẹ̀ á sì yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò yín. Ṣé ìgbà kan wà tó lo ogójì ọjọ́ lórí òkè àdúrà, tàbí tó wà lábúlé tí kò rí nǹkan rà? Báwo ló ṣe rí nígbà náà? Ẹni tí orí ń dà láàmú kì í rántí oṣù, ẹ fi ọjọ́ ńlá wá a: ṣáájú Iléyá ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, kó tó ṣe WAEC ni, ṣé Ọdún Lísàbí ti kọjá?

Èdè wa náà máa ń kó bá ìwé yìí. “Ṣé o máa ń lo oògùn?” lè jẹ́ ti ibà, ó lè jẹ́ ti àwọn àgbà. Bí wọ́n bá sì pè é ní oògùn olóró, á ní rárá, nítorí kẹ́míìsì ló ti ra tramadol rẹ̀. Ẹlòmíràn á búra pé òun kì í mutí, bẹ́ẹ̀ agbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ló ń gbé mì láràárọ̀ ní gáréèjì. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú lè má sọ pé inú òun bàjẹ́, kó ní orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Aládùúrà tí ara rẹ̀ le lè sọ pé òun ń gbọ́ ohùn. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ohùn náà ń bú u tàbí ń pàṣẹ fún un, àti bóyá àwọn ará ìjọ rẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wọn pe nǹkan lórúkọ tí àbúrò yín ń pè é.

Ẹ kó páálí àti sáṣé tó ti lò tán dání, kí wọ́n ka milligram tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń lo tramadol 225 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ti dé 900, bẹ́ẹ̀ 400 ni ìwọ̀n tó ga jù tí dókítà sábà máa ń fún àgbàlagbà lóòjọ́. Bí gìrì bá ti mú un rí, ẹ sọ ọ́, torí tramadol lè fa gìrì. Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn àtijọ́ náà wá. Ẹ má ṣe bá a dáhùn níwájú rẹ̀ o. Ẹ ní kí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Kí ìbátan bá aláìsàn wá kì í ṣe ohun tuntun nílùú yìí: nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aró ní 1954, ìbátan máa ń bá aláìsàn gbé lábúlé.

Ní ti ìbéèrè nípa pípa ara ẹni, kò lè fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kẹ́ ẹ má bi í ló léwu.

Ẹ gbìyànjú kó má mu igbó tàbí kólóráádò láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ padà lọ, torí ìdáhùn ẹni tí nǹkan ń pa kò ṣeé kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tì í mọ́lé láti fipá gbà á lọ́wọ́ tramadol kí ọjọ́ náà tó pé, pàápàá bó bá ń mutí mọ́ ọn. Bó bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ lóru.