Èsì: Máàsì Byrd fún akọrin díẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tí kò ju ènìyàn mẹ́sàn-án lọ, tí tẹ́nọ̀ wọn jẹ́ ẹyọ kan, lè kọ orin Máàsì ti William Byrd, òǹkọ̀wé orin ará Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́. Wọ́n lè kọ ọ́ dáadáa. Ẹ fi ti ohùn mẹ́rin sílẹ̀ ná, ẹ mú ti ohùn mẹ́ta. Nígbà tí Byrd tẹ̀ ẹ́ jáde ní nǹkan bí 1593, òfin ti de Máàsì Kátólíìkì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ilé àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ti ń ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́. Àwọn díẹ̀ bíi tiyín gan-an ló ń kọ ọ́.

Kyrie (“Olúwa, ṣàánú”) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó kúrú, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ń rìn pọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láìkọrin, kí ẹnu wọn bára mu. Ẹ má tẹ dùùrù tẹ̀lé wọn. Ẹ kàn fún wọn ní ohùn ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ga jù fún tẹ́nọ̀ yín, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú yín! Ẹni tí kò mọ nóòtì kà, ẹ bá a kọ ọ́ ní sólfà. Credo (“Mo gbàgbọ́”) gùn jù, ẹ gbàgbé ìyẹn ná. Ìwé orin náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí CPDL (Choral Public Domain Library), ìkànnì ìwé orin àwọn akọrin.