Jùúsì, fídà òru àti eyín ọmọ

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Ẹ ní ẹ ti fi jùúsì inú páálí rọ́pò míníráàsì fún ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́ta, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá eyín rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Kò tíì bọ́. Jùúsì ní ṣúgà, ó sì kan, kódà èyí tí wọ́n kọ sí lára pé wọn kò fi ṣúgà sí, nítorí ṣúgà èso ṣì wà nínú rẹ̀. Kòkòrò tín-tìn-tín ara eyín ni yóò jẹ ṣúgà náà, tí yóò sọ ọ́ di ásíìdì tí ń jẹ eyín fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí itọ́ tó borí rẹ̀. Ọmọ tó bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sán títí di alẹ́ kò fún eyín nísinmi rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ohun tí ó ń mu sùn, ibẹ̀ sì ni tèmi ti wá. Mílíìkì tí a po ṣúgà sí nínú fídà ni ọmọ mi máa ń fà títí oorun yóò fi gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ itọ́ kì í pọ̀ lẹ́nu lóru. Ìlà funfun bí ẹfun ló kọ́kọ́ yọ lára eyín iwájú ti òkè, létí erìgì. Ti ìsàlẹ̀ mọ́, nítorí ahọ́n ń bò wọ́n. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ ká ètè ọmọ sókè kí ó tó sọ pé eyín ọmọdé ni, yóò bọ́ dànù. Ìgbà yẹn gan-an ni fúlúóráìdì, èròjà tí ń mú eyín le, ìbá ti dá a dúró! Ìlà náà di àwọ̀ ilẹ̀, eyín ń rún, ó ràn dé eyín ẹ̀yìn tí kì í bọ́ títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọdún 10 sí 12. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ẹ̀kọ tútù nìkan ló lè jẹ, ẹkún ló ń sun mọ́jú, títí dókítà eyín fi yọ wọ́n, tí ó sì tún ń bá mi wí pé n kò tètè wá. Ta ni ó dá mi padà sílé?

Òfin ìṣúná ọdún 2021 gbé owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí òṣìṣẹ́ kankan sọ̀rọ̀ fídà òru fún àwọn ìyá níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹ má jẹ́ kí sóbò àti kúnú oníṣúgà tàn yín, àti oògùn ikọ́ olómi tí a ń fún ọmọ sùn. Lẹ́yìn ohun kíkan, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú 30 kọjá kí ẹ tó fọ eyín rẹ̀. Fífọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ mọ ìyẹn.

Bí fídà bá wà, ẹ máa bu omi là á sí i lálaalẹ́ títí yóò fi ku omi lásán. Yóò sunkún, ẹ fàyà rán an. Kí ẹ sì ká ètè rẹ̀ sókè níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí ìlà funfun létí erìgì, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni kí ẹ gbé e lọ tààrà.