Ẹ má tíì ra kábúrétọ̀ tuntun o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yín sápò ná. Ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yẹn, pé máṣíìnì CG125 yín àtijọ́, ọ̀kadà yẹn, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá fa ṣóòkì, tó bá wá gbóná tán á máa gbọ̀n jìgìjìgì ní sílò, ìyẹn tẹ́ ẹ ò bá fún un níná, ìgbà míì á tún ké sókè fúnra ẹ̀ kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tí mẹkáníìkì wá ní kábúrétọ̀, ibi tí epo àti éà ti ń pò pọ̀, ti bàjẹ́, ìyà yẹn ti jẹ èmi náà rí, bí oṣù mẹ́rin gbáko.

CG lèmi náà ń gùn, òun ni mo fi ń lọ oko lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ẹni àkọ́kọ́ ní pílọ́ọ̀gì ni, mo ra pílọ́ọ̀gì. Ẹnì kejì ní CDI ni, àpótí kékeré tó ń darí iná pílọ́ọ̀gì, mo ra CDI. Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ wo nǹkan kan, ó kàn yí skrúù sílò sókè títí máṣíìnì fi ń ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ó gbowó, ó ní ó ti tán, tí n bá wá fi sí gíà kìíní báyìí, á fẹ́ ta mí dà nù. Nígbà tó yá mo ra kábúrétọ̀, owó tí ì bá ra àpò sìmẹ́ǹtì méjì, a dè é tán, ibi tí mo bá a náà ló ṣì wà.

Bàbá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, kì í tiẹ̀ ṣe mẹkáníìkì máṣíìnì o, ló là mí lójú. Ó yọ pílọ́ọ̀gì, ẹnu ẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ní tó bá jẹ́ epo ló pọ̀ jù, dúdú eléèéfín ni ì bá jẹ́, tó bá sì wà dáadáa á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ ilẹ̀, funfun yìí, éà ló pọ̀ ju epo lọ, ibì kan wà tó ti ń fa éà tí kò gba inú kábúrétọ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ṣóòkì fi ń ràn án lọ́wọ́, torí éà ni ṣóòkì ń dínà.

Ẹ ta á, kó gbóná díẹ̀, kó wà ní sílò, ẹ wá mú ike tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ́n omi sáṣọ, ẹ fọ́n díẹ̀ síbi tí kábúrétọ̀ ti pàdé ẹ́ńjìnì, níbi àwo dúdú tó nípọn yẹn. Kó má kan orí pílọ́ọ̀gì o. Tí ìró ẹ̀ bá yí padà àbí tó kú, ibẹ̀ ló ti ń jò. Àwọn kan máa ń fi pẹtiróòlù dán an wò, lára ẹ́ńjìnì tó gbóná! Mi ò bá wọn sí i.

Tèmi, gbogbo àwọn tó ń tú u tó ń dè é ti fún nọ́ọ̀tì méjèèjì jù, àwo dúdú yẹn ti là, èèyàn ò lè rí i àfi tó bá yọ ọ́. Òun àti O-ring tuntun, rọ́bà róbótó tó ń dí ojú ibẹ̀, owó wọn ò tó owó àmàlà ẹran méjì, inú wá bí mi. Tẹ́ ẹ bá ń dè é padà, ẹ máa fún ọ̀tún díẹ̀, ẹ fún òsì díẹ̀, ẹ má fi agbára sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣì ń fẹ́ kú tó bá rìn jìnnà. Tápẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn àlàfo tín-ín-rín tó yẹ kó wà láàárín fáfù àti apá tó ń tì í; fáfù ni ilẹ̀kùn tí éà ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, tí èéfín ń gbà jáde. Àwọn mẹkáníìkì wa ò fẹ́ kí tápẹ́ẹ̀tì pariwo rárá, wọ́n á fún un pinpin, tó bá gbóná fáfù ò ní lè pa dé mọ́. 0.08 mm ni àlàfo ti CG, ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kó máa ṣe tíkì-tíkì díẹ̀, kò burú.

Tó bá sì ti pẹ́ nílẹ̀ láìgùn, jẹ́ẹ̀tì kékeré, ihò tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀, lè ti dí. Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fẹ́ éà sí i, ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ ojú ẹ̀, mo ti fẹ ojú ọ̀kan báyẹn rí, ló bá ń mu epo bí ọ̀mùtí.

Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì yẹn lọ́la, kẹ́ ẹ sọ àwọ̀ tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ fún mi.