Bàálù àtijọ́, koríko àti ọ̀dà

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn ní Òkè-Fìà níbí. Bàálù àtijọ́ bíi Tiger Moth, ṣebí orí ọ̀dà ló yẹ kó máa balẹ̀ sí? Àbí owó ọ̀dà ni ò sí tí wọ́n fi ń lo koríko?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí kan náà tún dé! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé ti owó jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tiger Moth tó kọ́kọ́ fò ní 1931, koríko ni wọ́n ṣe é fún. Kò ní bíréèkì. Táyà méjì ló ní níwájú, ìdí ẹ̀ ń wọ́lẹ̀ lórí irin kékeré kan, irin yẹn ló ń ha koríko tí eré ẹ̀ fi ń dínkù, ẹ wá gbé e sórí ọ̀dà, irin yẹn á kàn máa yọ̀ gèrè ni.

Ẹni tó sọ fún yín pé ọ̀dà dáa torí ó ń di táyà mú, nǹkan tó ń ba bàálù náà jẹ́ gan-an ló ń yìn yẹn o. Ẹ̀yìn táyà ni ìwúwo ẹ̀ wà. Tí imú ẹ̀ bá wọ́ díẹ̀ nígbà tó ń balẹ̀, ẹ̀yìn á fẹ́ sáré kọjá iwájú, bí ọmọlanke tí wọ́n ń tì sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lórí koríko, táyà á yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tán. Lórí ọ̀dà, táyà á di ilẹ̀ mú gbọin, bàálù á yí bìrí, apá á gbálẹ̀, ẹsẹ̀ lè kán. Gíráùn lúùpù nìyẹn. Ọ̀dà tún jẹ́ ojú kan, atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, pápá koríko ayé ijọ́un fẹ̀, ibi tí atẹ́gùn bá ti ń bọ̀ ni wọ́n ń kojú sí.

Àmọ́ mi ò ní koríko ò léwu o. CAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní ìlú Ọba, ní kéèyàn fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún ibi tó máa fi balẹ̀ tí koríko bá gbẹ, 35 tó bá tutù, èyí tó kúrú gan-an tó sì tutù lè tó 60. Òjò oṣù keje wa ńkọ́? Ẹrẹ̀, ihò òkété, òkìtì ikán, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín já kẹ́ ẹ tó balẹ̀.

Bàálù àtijọ́ ò rí bákan náà ṣá. DC-3 ti 1935 ní bíréèkì, ọ̀dà ò ba á lẹ́rù. Tíṣà tó mọ bàálù yín ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan gbéra. Tó bá sì di dandan kí Tiger Moth gun ọ̀dà, ẹ wá èèyàn méjì tó máa bá yín di apá ẹ̀ mú tó bá ń rìn nílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra.