Fáìlì méje, ìbéèrè kan: èsì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì QA

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní wọ́n gbé ọ kúrò lọ́fíìsì ìgbaniwọlé, wọ́n fi ọ́ sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ojúlówó ẹ̀kọ́ ní yunifásítì yín, QA bí gbogbo wa ṣe ń pè é. O ní oṣù kejì rèé tí o ti ń to ìwé, àwọn olùkọ́ kì í dá ọ lóhùn, o wá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́ àbí ńṣe ni wọ́n kàn fi ọ́ pamọ́. Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ó lè má jọ èyí tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fún ọ.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú ti tì mí.

Ọdún kẹta mi ni. Àwọn olùyẹ̀wò láti ìta ń bọ̀ wá wo ẹ̀ka kan, kí wọ́n lè pinnu bóyá wọn yóò tún fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi to ìwé. Fáìlì méje ló jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, mo fi àwọ̀ ya orí kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Mo ń wò wọ́n bí abiyamọ ṣe ń wo ìkókó. Olórí àwọn olùyẹ̀wò náà, ìyá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fa fáìlì kẹrin yọ, ó ṣí ewé bíi mẹ́wàá, ó wá fi ìka lé ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún méjì sẹ́yìn. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: “Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ráhùn pé máàkì iṣẹ́ àárín sáà kì í tẹ àwọn lọ́wọ́ títí ìdánwò fi máa ń kọjá. Ìgbìmọ̀ gbọ́.” Ó gbójú sókè, ó ní, “Níbo lọ̀rọ̀ yìí parí sí?”

Mo wo hẹ́ẹ̀dì, olórí ẹ̀ka náà. Hẹ́ẹ̀dì wò mí.

Kò parí síbì kankan. Ìpàdé mẹ́ta ti wáyé lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kankan ò tún dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó ráhùn nígbà náà ti fẹ́ máa gboyè jáde, àwọn tó bọ́ sípò wọn ń ráhùn ohun kan náà, àwọn olùyẹ̀wò sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kí wọ́n tó wọlé tọ̀ wá. Ìyá náà ti mọ èsì kó tó béèrè. Wọ́n fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ wọ́n so àdéhùn mọ́ ọn: láàárín oṣù mẹ́fà, kí a fi hàn wọ́n pé máàkì ti ń tètè dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nínú fáìlì mẹ́fà tó kù, méjì wà tí wọn ò tilẹ̀ ṣí.

Láti ọjọ́ náà, “Ìgbìmọ̀ gbọ́” ti di ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ rí nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé kankan. Bí wọ́n bá gbọ́, ta ló máa ṣe kí ni, ó di ọjọ́ wo? Mo ní tábìlì kan báyìí lórí kọ̀ǹpútà tí kò ju òpó márùn-ún lọ: ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó gbé e dání, ọjọ́ tó dá, ohun tó ṣe, àti ẹ̀rí pé ó ṣe é. Òun la máa ń kọ́kọ́ kà ní gbogbo ìpàdé, ká tó kan ohun tuntun. Wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan tilẹ̀ ń pè mí ní agbowó-orí, bó bá rí mi lọ́nà á ní òun ò tíì ní i o. Ṣùgbọ́n òun náà ló wá bá mi lọ́dún tó kọjá pé kí n fi ẹ̀dùn ọkàn òun nípa yàrá ìwádìí sínú tábìlì náà, torí ó ti rí i pé ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í sọnù.

Wàá máa gbọ́ oríṣiríṣi orúkọ fún iṣẹ́ wa: àyẹ̀wò, ìfọwọ́sí, ìlànà. Bí mo ṣe gbà á sí ni pé yunifásítì ti ṣe ìlérí fún akẹ́kọ̀ọ́: “Bó o bá parí, wàá lè ṣe báyìí báyìí.” Àwa là ń wò ó bóyá ìlérí náà ń ṣẹ. John Biggs, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, kọ nípa èyí ní 1996, ohun tó sọ kò sì ṣòro: ohun tí a ṣèlérí, ohun tí a fi kọ́ni, àti ohun tí a fi dán wọn wò gbọ́dọ̀ bára mu. Bá mi wo kọ́ọ̀sì kan tó kọjá lọ́wọ́ mi. Ìlérí rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á lè “gbé èrò méjì tó takora yẹ̀ wò, kó sì gbèjà ọ̀kan.” Ìdánwò rẹ̀ ńkọ́? Àádọ́ta ìbéèrè, kí o fàlà sábẹ́ A, B, C tàbí D. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti gbèjà nǹkan kan. Olùkọ́ náà kì í sì í ṣe ọ̀lẹ o. Akẹ́kọ̀ọ́ igba ó lé ló wà ní kíláàsì rẹ̀, òun nìkan ló ń máàkì. Tó o bá kàn kọ lẹ́tà sí i pé “ìdánwò yín kò bá àfojúsùn mu,” o ti sọ òtítọ́, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé a bá a wá ẹni méjì tó ń bá a máàkì, a sì sọ ìdajì ìdánwò náà di àròkọ kúkúrú kan.

Wọ́n á tún fún ọ ní ìwé ọ̀rọ̀-ìṣe tó wá láti ara iṣẹ́ tí Benjamin Bloom, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1956, pé kí olùkọ́ yan ọ̀rọ̀ látinú rẹ̀ fi kọ àfojúsùn. Ó wúlò, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ó di eré: wọ́n á yọ “mọ̀” kúrò, wọ́n á fi “ṣàtúpalẹ̀” sí i, kọ́ọ̀sì á sì wà bó ṣe wà. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n dípò rẹ̀ ni pé, “Ọjọ́ wo la máa rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ náà lè ṣe é, inú ìwé wo la sì ti máa rí i?”

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ìwé, tó gba oorun mi jù lọ.

Nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ kan gba 70 fún iṣẹ́ àárín sáà, ó gba 22 fún ìdánwò. Nínú ìwé ìlànà tí Sẹ́nétì yunifásítì fọwọ́ sí, iṣẹ́ àárín sáà jẹ́ ìdá 30, ìdánwò jẹ́ 70. Ìyẹn fún ọmọ náà ní 36.4, ó fìdí rẹmi, torí 40 ni ààlà. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó gbé ìwé atọ́nà tí wọ́n fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì dání: 40 sí 60 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 41.2, ó yege. Kí lo máa sọ? Ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ ló tẹ̀ lé. Ó jàre wa pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ìwé kan náà ló wà lọ́wọ́ gbogbo kíláàsì, ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Bí a bá sì yí ìṣirò padà fún gbogbo wọn, àwọn tí ìdánwò wọn dára ju iṣẹ́ àárín sáà lọ á pàdánù máàkì láìṣẹ̀. Ọjọ́ méjì ni èmi àti ẹnì kan láti ẹ̀ka àkọsílẹ̀ fi ṣírò rẹ̀ lọ́nà méjèèjì, ìgbìmọ̀ sì fún kálukú ní èyí tó ga jù. Nígbà tí mo tú ìdí rẹ̀ wò, olùkọ́ náà ò yí nǹkan kan padà. Ẹ̀dà àtijọ́ ló rí nínú fódà tiwa. Ìwé mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan: “final”, “final2” àti “final gidi”. Ta ló kó wọn síbẹ̀? Èmi ni.

Nítorí náà, ibì kan ṣoṣo ni kí ìwé ìlànà kọ́ọ̀sì máa gbé. Kọ déètì àti nọ́ńbà ìpàdé tó fọwọ́ sí i sí ojú ewé àkọ́kọ́, gbé èyí tó ti gbó lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè ṣèèṣì rí i. Olùkọ́ tó bá ní òun fẹ́ yí ìdá máàkì padà láàárín sáà, rọra sọ fún un pé ó di sáà tó ń bọ̀. Á bínú díẹ̀.

Ní ti àwọn olùkọ́ tí kò dá ọ lóhùn, mi ò ní dá wọn lẹ́bi. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kún fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni ò kà. Ìròyìn ọdọọdún tiwa jẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá nígbà tí mo débẹ̀, a sì ń béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ti ní i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara mi kún gbogbo ohun tí yunifásítì ti mọ̀, iye ọmọ, iye tó yege, iye tó sá lọ, mo wá fi ìbéèrè méjì péré sílẹ̀ fún wọn: kí ló yí padà lọ́dún yìí, kí lẹ sì nílò? Ojú ewé mẹ́ta ló kù. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Sì dìde lórí àga. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́ tó íméèlì ogún.

Ìwé ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kún nípa olùkọ́, fọwọ́ ọgbọ́n mú un. Tí ẹni mẹ́fà bá kún un nínú ogójì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ìpín olùkọ́ dáadáa àti èyí tí kò dáa. Ka ohun tí wọ́n kọ, wá ohun tí ẹni mẹ́ta sọ láìgbìmọ̀ pọ̀. Kó o sì padà lọ sọ ohun tí ẹ ṣe sí i fún àwọn ọmọ náà, kó tó di pé ẹ tún pín òmíràn.

Àwọn olùyẹ̀wò ìdánwò láti yunifásítì mìíràn ńkọ́? Àṣà yẹn ti pẹ́. Yunifásítì Durham ní England, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1832, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, pé Oxford ni wọ́n ti ń yá olùyẹ̀wò. Kọ́ èdè wọn. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n lórí ìwé. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé “ẹ̀ka náà lè fẹ́ ronú sí èyí,” ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i. Tí wọ́n bá kọ ọ́ lọ́dún méjì tẹ̀léra, wá hẹ́ẹ̀dì lọ lọ́jọ́ náà.

Ìwé kan wà tó yẹ kó o kà, ibi yòówù kí yunifásítì yín wà: ESG, ìlànà ojúlówó ẹ̀kọ́ gíga tí ilẹ̀ Yúróòpù fẹnu kò sí ní Bergen ní 2005, tí wọ́n sì tún ṣe ní Yerevan ní 2015. Apá kìíní rẹ̀, ìlànà mẹ́wàá, ló kan àwa tó wà nínú yunifásítì. Kò gùn. Ìṣirò wákàtí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, tí kò sí nínú ESG, náà wúlò: 60 kírédíìtì lọ́dún kan, wákàtí 25 sí 30 fún kírédíìtì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀sì oníkírédíìtì márùn-ún kò gbọ́dọ̀ gbà ju wákàtí 150 lọ, kíláàsì, ìwé kíkà, ìdánwò, gbogbo rẹ̀. Jókòó ti olùkọ́ tó fún wọn ní àròkọ gígùn mẹ́rin, kí ẹ jọ rò ó lórí ìwé. Òun fúnra rẹ̀ á yọ méjì kúrò.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ láìfi bò, torí wọ́n máa bẹ̀ ọ́. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn olùyẹ̀wò dé, ẹnì kan tó jù ọ́ lọ á ní kó o “bá òun to” àkọsílẹ̀ ìpàdé tí kò wáyé. Má ṣe é. Ojú mi ló ṣe, níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí: wọ́n to ìpàdé kan tó dùn-ún kà, wọ́n kọ orúkọ àwọn tó wá. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹ̀yìn tì ní oṣù márùn-ún ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, àwọn fúnra wọn ló sì fi ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sínú fáìlì òṣìṣẹ́ tó wà lórí tábìlì kan náà. Látìgbà náà, kò sí ìwé tí wọ́n mú jáde tí àwọn olùyẹ̀wò gbà gbọ́. Bí ìpàdé kò bá wáyé, kọ lẹ́tà kan pẹ̀lú déètì òní: kò wáyé, ìdí rèé, ohun tí a ń ṣe báyìí rèé. Mo ti gbé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ síwájú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kà á, wọ́n mi orí, wọ́n ṣí ewé tó kàn.

Lọ́sẹ̀ yìí, wá ìròyìn tí àwọn olùyẹ̀wò kọ kẹ́yìn jáde, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìpàdé mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ní ẹ̀ka kan. Mú bírò pupa, fàlà sí gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ “Ìgbìmọ̀ gbọ́” tàbí ohun tó jọ ọ́. Yan ẹyọ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń jìyà rẹ̀ títí di òní. Má fi íméèlì ránṣẹ́. Lọ kanlẹ̀kùn hẹ́ẹ̀dì ibẹ̀, kí o sì bi í níbo lọ̀rọ̀ náà parí sí.