Súpámákẹ́ẹ̀tì Ti Kó Lọ, Ṣé Kí N Ṣì Dúró?

Ẹ BI ÌYÁ ONÍBÀTÀ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Aṣọ ọmọdé ni mò ń tà nínú mọ́ọ̀lù kan ní Súrùlérè, ọdún kẹfà mi rèé níbẹ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá tó kọjú sí mi kó lọ lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ ṣì ṣófo di òní. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹ̀wù kan péré ni mo tà. Àwọn tó ń bójú tó ilé ní kí n san owó ọdún kan mìíràn, wọ́n tún bu owó kún owó ìtọ́jú ilé. Wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ wá gba ibi tó ṣófo yẹn. Ṣé kí n san án, àbí kí n kó ẹrù mi? Ìyá Ìbejì, Súrùlérè.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo wọ mọ́tò, mo wá síbẹ̀ fúnra mi ní Sátidé. Àtẹ̀gùn oníná ti dẹnu kọlẹ̀, ẹsẹ̀ ni gbogbo wa fi gùn ún. Mo rí àwọn kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn tí wọ́n fi ṣéènì so pọ̀, eruku bò wọ́n. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ti ya níbì kan, mo yọjú wo inú: pẹpẹ lásán títí dé ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin tó ń ta áìsìkiriìmù sùn lọ lórí káńtà rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ní Èkó! Ó dùn mí.

Má dá ara rẹ lẹ́bi. Súpámákẹ́ẹ̀tì ni ìyá adìyẹ, ẹ̀yin onísọ́ọ̀bù kéékèèké lẹ̀ ń tẹ̀ lé e jẹ̀. Ẹni tó wá ra búrẹ́dì ló ń rí ẹ̀wù tí o gbé kọ́. Kì í sì í ṣe tiyín nìkan. Shoprite ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn àkọ́kọ́ ní Lẹ́kí lọ́dún 2005. Ní 2021, àwọn ará Gúúsù Áfíríkà tó ni ín ta ti Nàìjíríà fún ẹlòmíràn. Game, ilé ìtajà ńlá mìíràn, palẹ̀ mọ́ ní 2022. Ní oṣù kẹfà 2023 ni ìjọba wá tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bí náírà 460 sì kọjá 1,500 kí oṣù kejì 2024 tó parí. Ẹni tó ń fi dọ́là ra ọjà, tó tún ń fi dọ́là san owó ilé, kí ló fẹ́ jẹ lérè? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Kingsway, ilé ìtajà ńlá ìgbà yẹn ní Màrínà, ni bàbá mi ti mú wa lọ kí Bàbá Kérésì. Ta ló rò nígbà náà pé ibẹ̀ lè tì?

Má san owó ọdún kan. Béèrè fún oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí wọ́n sọ ẹni tó ń bọ̀ fún ọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìjọ ni, èrò á wà lọ́jọ́ Àìkú, aṣọ ọmọdé á sì tà. Bó bá jẹ́ ibi ìkẹ́rùpamọ́ ni, tètè máa lọ.

Ní ti owó ìtọ́jú ilé, Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kan ṣọ́ọ̀bù náà, Súrùlérè sì wà lábẹ́ rẹ̀. Abala 10 sọ pé kí wọ́n fún ọ ní rìsíìtì owó náà lọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ bí wọ́n ṣe ná an fún ọ, ó pẹ́ tán, ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ jọ kọ lẹ́tà láti béèrè fún un, ìwọ àti àwọn tó kù níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ etí ikún, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń báni dá sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni àwọn oníbàárà rẹ. Nígbà tí ọjà Tejúoṣó jóná ní oṣù Kejìlá 2007, bàtà mi kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ìwé tí mo ń kọ nọ́ńbà oníbàárà sí wà nínú báàgì mi nílé. Abẹ́ agboòrùn ní Yábàá ni mo tún ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí mo pè sì wá mi débẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí ọjà tuntun ní 2014, mo ti fìdí múlẹ̀ níbòmíràn.

Nítorí náà, láti ọ̀la, ẹnikẹ́ni tó bá ra kódà ìbọ̀sẹ̀ kan, gba nọ́ńbà rẹ̀, kọ iye ọdún ọmọ rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Máa wo ṣọ́ọ̀bù ojú títì ní Láwànsón tàbí Ojúẹlẹ́gba. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé wá fún ọ láti fọwọ́ sí, fi ránṣẹ́ sí mi ná.